Yàrá kẹrìnlá

Ọdún mẹ́fà ni mo fi tún yàrá ṣe ní òtẹ́ẹ̀lì kan n'Íbàdàn. Yàrá mẹ́rìnlá ni wọ́n ń pín fún ẹnì kan lójúmọ́. Agogo 12 ọ̀sán ni àlejò ń jáde. Kó tó di agogo 2, òmíràn ti gbé báàgì dúró nísàlẹ̀. Bí ìgbéyàwó bá bọ́ sí Sátidé, ẹ ó bá epo pupa lára aṣọ bẹ́ẹ̀dì funfun, ẹ ó tún bá egungun ẹran lábẹ́ ìrọ̀rí.

Ẹ̀yin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ yìí, ọ̀rọ̀ ìforítì ni mo fẹ́ bá yín sọ: ẹ má jẹ́ kí yàrá kìíní tàn yín. Ta ni kò lè tẹ́ bẹ́ẹ̀dì dáadáa láàárọ̀? Yàrá kẹrìnlá ni ká wò, nígbà tí ẹ̀yìn ti ń ro èèyàn, tí iná lọ, tí wọn ò sì tíì tan jẹnẹrétọ̀. Ibẹ̀ ni ọwọ́ ti máa ń fẹ́ fi aṣọ tó nu ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nu ife omi. (Ẹ̀yin àlejò, ẹ máa ṣan ife yín kí ẹ tó mu omi. Mi ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ o.) Ibẹ̀ náà lèèyàn ti ń da omi gbígbóná sórí ẹ̀jẹ̀ kó lè tètè parí, ẹ̀jẹ̀ á sì wọnú aṣọ pátápátá. Omi tútù ni, àti sùúrù.

Màmá Ìjẹ̀bú tó kọ́ mi níṣẹ́ ní kí n ra ìwé kékeré kan, kí n máa kọ ìgbà tí mo wọlé, ìgbà tí mo jáde, ohun tí mo bá nílẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi sọ mí ní Akọ̀wé. Ó sú mi títí, nítorí kò sẹ́ni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Lọ́jọ́ kan nínú oṣù Kejìlá, bàbá kan tó ti òkè òkun dé figbe bọnu pé aago ọwọ́ òun sọnù, èmi ni mo wọ yàrá òun. Ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n níwájú máníjà. Mo ṣáà ṣí ìwé: "Wọlé 10:20, jáde 10:50. Aago ọwọ́ dúdú 1 lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo fi sínú àpótí tábìlì ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì." Wọ́n lọ fa àpótí náà jáde, aago wà ńbẹ̀.

Ìforítì tí mò ń sọ nìyẹn. Mi ò ní kí ẹ forí ti owó oṣù tí wọn ò san o; bó bá ti di oṣù méjì, ẹ wáṣẹ́ síbòmíràn.

Bàbá náà kò bẹ̀ mí. Ó so aago rẹ̀ mọ́wọ́, ó bá tirẹ̀ lọ. Ó ṣì ku yàrá méjì fún mi lọ́jọ́ náà.