Fèrèsé yẹn kò ní tì, ọyẹ́ ì báà mú

Tí ọyẹ́ bá ti dé, ìjà èmi àti àwọn aláìsàn wa kò ju ti fèrèsé lọ. Wọ́n á tì í, èmi á ṣí i. Àwọn tí ikọ́ ife ń ṣe là ń tọ́jú ní ẹ̀ka tiwa ní Ìbàdàn. Màmá kan di ìborùn mọ́ra lọ́jọ́ kan, ó wò mí tìkà-tẹ̀gbin: "Nọ́ọ̀sì, ṣé ẹ fẹ́ kí òtútù pa mí ni?" Mo ní, "Ẹ má bínú, mà. Mo lè bá yín wá súwẹ́tà, àmọ́ fèrèsé kò ní tì."

Bí ènìyàn bá wúkọ́, itọ́ wẹ́wẹ́ tí ojú kò rí ló máa ń tú jáde, kòkòrò ikọ́ ife á sì máa rá bàbà nínú yàrá títì fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Níta, atẹ́gùn á fọ́n wọn ká, oòrùn á sì bá wọn jà. Ní 2020, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà tan iná tó ń ṣe bí oòrùn sí kòkòrò Kòrónà nínú afẹ́fẹ́. Kí 20 ìṣẹ́jú tó pé, ìdá 90 nínú 100 rẹ̀ kò lè ran ènìyàn mọ́.

Ṣùgbọ́n ti òwú aláǹtakùn ló dùn mọ́ mi jù. Ní Porton Down, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì (ibi tí wọ́n ti ń kọ́ nípa fífi kòkòrò jagun, mi ò gbóríyìn fún wọn lórí ìyẹn), àwọn onímọ̀ méjì, Druett àti May, wé òwú aláǹtakùn mọ́ férémù kékeré, wọ́n fọ́n kòkòrò àìrí kan tí wọ́n ń pè ní E. coli sí i lára, wọ́n sì gbé e síta lóru. Kò sí oòrùn kankan. Síbẹ̀, kíá ni kòkòrò yẹn ń kú, nígbà tí irú rẹ̀ tí wọ́n dé mọ́ inú àpótí ṣì wà láàyè. Afẹ́fẹ́ ìta kan náà ni o! Tí wọ́n bá ti sé e mọ́lé, láìpẹ́ agbára rẹ̀ á pòórá. Ọdún 1968 ni wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà jáde. Ohun tí wọ́n fura sí ni òsóònù, irú gáàsì kan nínú afẹ́fẹ́, tó pàdé irú oru tó ń jáde lára bẹntiróòlù.

Ọyẹ́ náà ní ẹ̀bi tirẹ̀, mi ò ní purọ́. Kòkòrò influenza fẹ́ràn afẹ́fẹ́ gbígbẹ, ó máa ń pẹ́ nínú rẹ̀ ju inú afẹ́fẹ́ tó lómi lọ. Eruku náà á tún ha ènìyàn lọ́fun. Àmọ́ kí ènìyàn mẹ́wàá wá ti ara wọn mọ́ yàrá kan torí ọyẹ́, kí wọ́n máa mí sí ara wọn lójú, ìyẹn burú ju ọyẹ́ lọ.

Tí a bá fẹ́ gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ fún àyẹ̀wò, mi ò kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni hú u sínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀, bí ojú tilẹ̀ ń tì í. Ẹ̀yìn ilé ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi fúrúùtù, níbi tí oòrùn ti ń ta. Màá gbé ike lé e lọ́wọ́, màá sì lọ dúró sí apá ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ bọ̀.