Ẹja tí kì í jẹun: ọjọ́ mẹ́ta ní Assynt

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí, ẹnikẹ́ni ò lè kọ́ mi ní ẹja. Ohun tí mò ń rò nìyẹn títí mo fi dé Lochinver, ní agbègbè Assynt, létíkun àríwá Scotland, níbi tí bàbá tó ń tọ́ wa sọ́nà ti pa mí lẹ́nu mọ́: ẹja salmon tó bá ti inú òkun wọ odò kì í jẹun mọ́. Ó ti jẹ àjẹyó lókun. Odò tí wọ́n bí i sí ló ń padà sí láti lọ yé ẹyin tirẹ̀.

Nílé wa, ekòló la fi ń sẹ́nu ìwọ̀. Kí ni mo wá fẹ́ fi tan ẹni tó ń gbààwẹ̀?

"Mú un bínú," ni bàbá wí.

Eṣinṣin àtọwọ́dá la wá ń jù síwájú rẹ̀, ìyẹ́ àti irun tí wọ́n fi òwú dì mọ́ ìwọ̀. Mo jù ú títí apá fi ń ro mí. Omi odò Kirkaig pọ́n bí àgbo, nítorí koríko jíjẹrà inú ẹrẹ̀ tó ń ṣàn gbà kọjá. Atẹ́gùn kò fẹ́, ni kantíkantí bá bò wá. Ẹ̀fọn Èkó ṣì ń ṣàánú èèyàn o!

Lọ́jọ́ kejì a fẹsẹ̀ gun òkè lọ síbi tí odò náà ti ń já wálẹ̀, nǹkan bíi mítà 18. Salmon kò lè fò ó kọjá, nítorí náà ẹja mìíràn, trout, ló ni adágún Fionn Loch tó wà lókè rẹ̀. Lábẹ́ òkè Suilven, tó dá dúró bí ìkòkò tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, mo mú ẹyọ kan, tó ní àmì pupa lára, tí kò gùn ju ọwọ́ mi lọ. Mo dá a padà sómi.

Ìyàwó mi pè lálẹ́. "Bàbá Ṣadé, ẹ sanwó, ẹ rí ẹja, ẹ tún jù ú nù?"

Ọjọ́ kẹta bọ́ sí Sunday. Òfin Scotland kò gba kéèyàn pa salmon lọ́jọ́ náà. Mo ṣáà lọ dúró létí odò, ọ̀pá ìwọ̀ wà nínú mọ́tò. Ẹja kan tó gùn tó apá mi fò sókè níwájú mi gan-an, ó tàn yanran, ó sì padà sómi gbàmù. Òmíràn tún fò. Ọwọ́ mi méjèèjì wà lápò.