Kìlómítà 40 tó ṣẹ́ kù sí mi lọ́rùn

Nínú ìwé ètò ọdún 2025 mi, ohun kan ṣoṣo ni mo kọ sí oṣù Kẹsàn-án: kí n fẹsẹ̀ rin Camino, ọ̀nà àwọn arìnrìn-àjò ìsìn, láti Saint-Jean-Pied-de-Port nílẹ̀ Faransé dé ibojì Jákọ́bù Mímọ́ ní Santiago de Compostela, ní Sípéènì. Ó tó kìlómítà 780. Mo dé Santiago, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n mi ò rin gbogbo rẹ̀.

Òkè Pyrenees ni wọ́n fi ń dẹ́rù bà mí. Mo gùn ún lọ́jọ́ kìíní, mo sì sùn ní Roncesvalles. Ẹsẹ̀ lé ròrò, mo wé e, mò ń lọ. Mi ò ṣìnà lọ́jọ́ kan, ọpẹ́lọpẹ́ àwọn ọfà yẹ́lò. (Elías Valiña, àlùfáà O Cebreiro, ló bẹ̀rẹ̀ sí í kùn wọ́n sójú ọ̀nà láwọn ọdún 1980. Kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ẹ.)

Ilẹ̀ títẹ́jú ló mú mi. Lẹ́yìn Burgos, oko àlìkámà tí wọ́n ti kórè ló lọ salalu, kò sí igi tèèyàn lè sá sábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí mo fi dé Carrión de los Condes, orúnkún ọ̀tún mi ti wú, kò ṣeé ká. Kìlómítà 17 ló sì wà níwájú láìsí abúlé kan. Mo pe Màmá mi n'Íbàdàn. Wọ́n ní, "Wọn kì í ta orúnkún lọ́jà o. Wọ mọ́tò." Mo sunkún.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, mo wọ takisí lọ sí Sahagún, bíi kìlómítà 40. Nítòsí Ledigos, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ sún mọ́ títì. Mo rí obìnrin tí a jọ sùn ní yàrá kan lálẹ́ àná, ìkarawun funfun, àmì àwa tá à ń rin Camino, ń mì lẹ́yìn báàgì rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú mọ́tò kó má baà rí mi.

Ìwé ẹ̀rí tí wọ́n fún mi ní Santiago kì í ṣe irọ́: ó kéré tán, kìlómítà 100 ni wọ́n ń bi èèyàn, mo sì fẹsẹ̀ rin gbogbo ọ̀nà láti Sarria, òǹtẹ̀ méjì lójúmọ́ nínú ìwé ìrìn mi. Ṣùgbọ́n látìgbà tí mo ti dé, "780! Ẹ kú iṣẹ́!" làwọn èèyàn ń kí mi, mo sì ń jẹ́ ẹ. Ìyẹn ló ń dùn mí bí ọdún ṣe ń parí lọ. Ẹ jọ̀ọ́, 740 ni.

Mo ti gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan lẹ́nu iṣẹ́ fún oṣù Kẹrin. Carrión ni n óò ti bẹ̀rẹ̀. Màmá ti ní kí n tètè ra ohun tí n óò wé mọ́ orúnkún.