Láti Houston Dé San Antonio: Bí Mo Ṣe Tẹ̀lé Ẹgbẹ́ Cougars Dé Alẹ́ Àṣekágbá

Ààwẹ̀ Ramadan ọdún 2025 bá mi ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, nílé àbúrò mi obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ọ̀kan nínú àwọn ilé ìwòsàn ńlá ìlú náà. Mo lọ kí i ni, mo sì fẹ́ sinmi díẹ̀ kúrò nínú ariwo Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Houston, kì í sọ̀rọ̀ mìíràn ju ti bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n lọ. Kí n tó tú ẹrù mi tán ni ó ti sọ fún mi pé ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin ilé ìwé wọn, tí wọ́n ń pè ní Cougars, ló wà lókè tábìlì nínú líìgì Big 12, àti pé ìgbà mẹ́rin péré ni wọ́n ti fìdí rẹmi láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà. Ó ka àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka gbèsè. Yunifásítì Auburn fi àmì márùn-ún ju wọ́n lọ, Alabama àti San Diego State borí wọn nínú àfikún àkókò, Texas Tech náà sì fi àmì kan ṣoṣo borí wọn nínú àfikún àkókò, nínú ilé Houston gan-an.

Òun náà ló wá tíkẹ́ẹ̀tì fún èmi àti bàbá rẹ̀ láti wo ìdíje wọn pẹ̀lú Kansas ní alẹ́ ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 3 oṣù Kẹta, èyí tó jẹ́ ìdíje ìkẹyìn tí wọ́n máa gbá nílé ní sáà náà. A fi dàbínù àti àkàrà ṣínu, a kírun Màǹgàríbà, a sì kọrí sí ọgbà yunifásítì. Fertitta Center ni orúkọ gbọ̀ngàn ìṣeré náà. Ọdún 1969 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣí i lábẹ́ orúkọ Hofheinz Pavilion, wọ́n tún un kọ́ látòkè délẹ̀, wọ́n sì ṣí i padà ní oṣù Kejìlá ọdún 2018. Gbọ̀ngàn náà kò tóbi rárá, nítorí àwọn tó lè jókòó síbẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju 7,000 lọ, ariwo ibẹ̀ sì tipa bẹ́ẹ̀ ń bọ́ sí ènìyàn létí láìsí ibi tó lè gbà sá. Mo gbójú sókè, mo rí àwọn nọ́ńbà tí yunifásítì náà ti fi bọlá fún àwọn àgbà wọn: 44 ti Elvin Hayes, 22 ti Clyde Drexler, àti 34 ti Hakeem Olajuwon. N kò lè ṣàlàyé bí inú mi ṣe dùn tó láti rí orúkọ ọmọ Èkó níbẹ̀. Ọkọ àbúrò mi, tó ti ń gbé Houston láti ọjọ́ pípẹ́, fọwọ́ gbá mi léjìká, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, gbogbo wa la máa ń wo ibẹ̀ ná kí a tó jókòó.”

Mo ní láti sọ ọ́ bó ṣe rí: eré tí mo wò lálẹ́ ọjọ́ náà kò jọ èyí tí mo fi orúkọ Hakeem rò. Houston borí Kansas pẹ̀lú 65 sí 59, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù tó wọ àwọ̀n kọ́ ló ń mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fò sókè jù, bí kò ṣe èyí tí kò wọ̀ ọ́. Bí ọmọ Kansas kan bá gba bọ́ọ̀lù, ẹni kan ti dúró ṣinṣin níwájú rẹ̀; bí ó bá gbìyànjú láti kọjá, ẹnì kejì ti dé; bí ó bá sì jù ú tó tàsé, àwọn ọmọ Houston mẹ́ta ni wọ́n ti fò sókè láti gbà á bó ṣe ń ta padà. Kelvin Sampson, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, ló sọ wọ́n dà báyìí. Ọmọ ẹ̀yà Lumbee ni, ìyẹn àwọn onílẹ̀ àkọ́kọ́ ní North Carolina, ọdún 2014 ló sì gba iṣẹ́ náà, nígbà tí ẹgbẹ́ yìí ti di ohun tí àwọn ènìyàn ìlú kì í ra tíkẹ́ẹ̀tì láti wò mọ́. Ọmọ àbúrò mi sọ fún mi pé bí wọ́n bá ń ṣe ìdánrawò, wọ́n máa ń fi ìdérí dé ojú àwọ̀n, kí bọ́ọ̀lù kankan má lè wọlé, kí gbogbo rẹ̀ máa ta padà, kí àwọn ọmọ náà sì máa jà á gbà títí ara wọn yóò fi kọ́ ọ. Ní ìparí sáà, kò sí yunifásítì kan ní gbogbo ìpele tó ga jù nínú bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà tí àwọn alátakò rí àmì jẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kéré tó ti Houston.

Mo yan ẹni tí mo fẹ́ràn jù láàárín wọn lálẹ́ ọjọ́ náà. J'Wan Roberts ni, ọmọ erékùṣù Virgin Islands, tó ti wà pẹ̀lú ẹgbẹ́ náà fún ọdún mẹ́fà. Kì í fò bí ẹyẹ, kì í sì ju bọ́ọ̀lù láti ọ̀nà jíjìn, ṣùgbọ́n ibi tó bá yẹ kí ènìyàn wà ni ẹ máa bá a. L.J. Cryer, tó ti gba ife ẹ̀yẹ àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà rí pẹ̀lú Yunifásítì Baylor ní ọdún 2021, ló ń jù láti ọ̀nà jíjìn. Milos Uzan ló ń pín bọ́ọ̀lù. Emanuel Sharp ń jù ú, ó sì ń ṣọ́ ọ̀nà. Joseph Tugler, ẹni tí apá rẹ̀ gùn kọjá bó ṣe yẹ, ló sì ń fi ọwọ́ gbá ohun tí àwọn mìíràn bá jù dànù.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan láàárín ààwẹ̀, mo ní kí wọ́n mú mi lọ kírun ní mọ́ṣáláṣí tó wà ní àárín gbùngbùn ìlú, nínú ilé báńkì àtijọ́ kan tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1928, tí Hakeem Olajuwon fi owó rẹ̀ rà, tó sì sọ di ilé ìjọsìn. Àwọn òpó rẹ̀ ga, òrùlé rẹ̀ sì tóbi débi pé ohùn lèmọ́mù ń padà bọ̀ sí wa. Hakeem yìí, akẹ́kọ̀ọ́ Muslim Teachers College ní Èkó, tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù ọwọ́ àti bọ́ọ̀lù ẹsẹ̀ kí ó tó mọ alájùsáwọ̀n, ló dé Houston ní ọdún 1980. Ní sáà 1982 sí 1983, òun, Drexler, Michael Young, Larry Micheaux àti àwọn yòókù ń fò, wọ́n sì ń tẹ bọ́ọ̀lù rì sínú àwọ̀n débi pé oníwèé ìròyìn kan sọ wọ́n ní Phi Slama Jama, bí ẹni pé ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kí a fi agbára rì í sáwọ̀n. Wọ́n borí ìdíje 26 léraléra kí wọ́n tó dé àṣekágbá ní Albuquerque, níbi tí North Carolina State, tí ẹnikẹ́ni kò kà sí, ti fi 54 sí 52 borí wọn. Nígbà náà, kò sí aago tó ń lé ẹgbẹ́ láti tètè ju bọ́ọ̀lù. Bí Houston ṣe ṣíwájú ní ìdajì kejì, Guy Lewis, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, ní kí wọ́n fà á sẹ́yìn, kí wọ́n máa gba bọ́ọ̀lù kiri, ẹgbẹ́ tó ń fò sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Wọ́n tún ń pàdánù jíjù ọ̀fẹ́, èyí tí rẹfirí máa ń fúnni bí alátakò bá ṣẹ̀. Ní ìṣẹ́jú àáyá tó kẹ́yìn, Dereck Whittenburg, ọmọ North Carolina State, ju bọ́ọ̀lù láti ọ̀nà jíjìn, kò tó, Lorenzo Charles tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ sì gbà á lójú òfuurufú, ó tẹ̀ ẹ́ sáwọ̀n. Hakeem ni wọ́n fún ní oyè agbábọ́ọ̀lù tó pegedé jù níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹgbẹ́ rẹ̀ ló fìdí rẹmi. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún dé àṣekágbá ní Seattle, Georgetown fi 84 sí 75 borí wọn. Títí di ìgbà tí mo wà níbẹ̀, wọn kò tíì gba ife náà rí. Ní mọ́ṣáláṣí yẹn, lẹ́yìn ìrun, bàbá àgbàlagbà kan tó jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú bi mí léèrè bóyá mo rò pé àwọn ọmọ Sampson máa gbà á lọ́tẹ̀ yìí. Mo ní kí a gbàdúrà sí i. Ó ní òun ti ń gbà á láti ọdún 1983.

Oṣù Kẹta ni wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ ìdíje ńlá orílẹ̀-èdè náà, níbi tí ẹgbẹ́ tó bá ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan á palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ lọ sílé. N kò ní sọ púpọ̀ nípa SIU Edwardsville, 78 sí 40. Gonzaga mú wọn dáadáa kí wọ́n tó fi 81 sí 76 bọ́. Ṣùgbọ́n ìdíje Purdue ní Indianapolis, ní alẹ́ Jímọ̀ ọjọ́ 28, ni mo rò pé àbúrò mi máa fi ẹsẹ̀ tẹ tábìlì fọ́. Ó ku díẹ̀ kí aago tán, ọwọ́ méjèèjì dọ́gba ní 60 sí 60, Uzan ju bọ́ọ̀lù wọlé láti ẹ̀yìn ìlà sí Tugler, Tugler dá a padà fún un lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, Uzan sì rọra gbé e sínú àwọ̀n. Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e ni ọdún Ìtunu Ààwẹ̀. Àwọn àlejò kún ilé, ìrẹsì àti ẹran pọ̀, síbẹ̀ gbogbo wa la kọjú sí tẹlifíṣọ̀n lọ́sàn-án ọjọ́ ọdún, tí a ń wò bí Tennessee ṣe ń wá ọ̀nà tí kò rí. Àmì 15 péré ni Tennessee rí jẹ ní gbogbo ìdajì àkọ́kọ́. Ó parí sí 69 sí 50, àwọn obìnrin tí wọn kò mọ òfin eré náà rárá sì ń jó.

Bí wọ́n ṣe yege láti lọ San Antonio nìyẹn, níbi tí ẹgbẹ́ mẹ́rin tó kù ti máa pàdé, pẹ̀lú Duke, Florida àti Auburn. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n fi sí ipò kìíní ní ẹkùn wọn kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, èyí tí kò tíì ṣẹlẹ̀ rí àfi ní ọdún 2008, San Antonio yìí kan náà sì ni wọ́n ti gbá a lọ́dún náà. A wo ìdíje Duke nílé ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Bí ìdajì kejì ti ń lọ, Duke fi àmì 14 ṣíwájú, ọkọ àbúrò mi sì dìde lọ fọ abọ́. Ìṣe Houston tí mo ti rí ní alẹ́ Kansas ló tún bẹ̀rẹ̀, wọ́n pa gbogbo ọ̀nà mọ́, Duke kò sì rí bọ́ọ̀lù jù wọlé mọ́ bí ẹni tí wọ́n fi ìdérí dé àwọ̀n fún. Tugler tẹ bọ́ọ̀lù tó ta padà sáwọ̀n, Roberts sì dúró sí ìlà jíjù ọ̀fẹ́ nígbà tó ku nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú àáyá, ó jù méjèèjì wọlé. Lẹ́yìn náà ló tún dúró níwájú Cooper Flagg, ọmọ tí gbogbo Amẹ́ríkà ń pariwo rẹ̀, tó ti jẹ àmì 27, ó sì na ọwọ́ sókè títí ọmọ náà fi jù ú tàsé. 70 sí 67. Kí a tó sùn lálẹ́ ọjọ́ náà, a ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ìjókòó òkè pátápátá. N kò ní sọ iye rẹ̀, kí ìyàwó mi má bàa kà á níbí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin, a gba ọ̀nà I-10 lọ sí ìwọ̀ oòrùn láti wo àṣekágbá Houston àti Florida. Ìrìn nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta ni. Òdòdó aláwọ̀ búlúù tó máa ń hù ní Texas ní ìgbà ìrúwé kún etí ọ̀nà, ọkọ̀ tó fi àsíá pupa Houston kọ́ fèrèsé sì pọ̀ débi pé bí ọ̀kan bá fọn fèrè, márùn-ún á dáhùn. A dúró ní Luling, níbi ilé epo Buc-ee's kan tó tóbi ju ọ̀pọ̀ ọjà tí mo mọ̀ lọ. Aṣọ pupa ló kún ibẹ̀, a sì ń kí ara wa bí ará ilé.

Pápá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà abẹ́ òrùlé ni Alamodome, wọ́n sì gbé ojú eré alájùsáwọ̀n sí orí pèpéle kan láàárín rẹ̀. Láti ibi tí a jókòó sí, àwọn agbábọ́ọ̀lù kéré débi pé nọ́ńbà ẹ̀yìn wọn ni mo fi ń dá wọn mọ̀. Ènìyàn tó wà níbẹ̀ ju 60,000 lọ. Ìdajì àkọ́kọ́ dára lójú mi: Walter Clayton, ọmọ Florida tó ti jẹ 34 lọ́rùn Auburn ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, kò rí ẹyọ kan jẹ, Houston sì ṣíwájú pẹ̀lú 31 sí 28. Ní ìdajì kejì, wọ́n fi 12 ṣíwájú. Ọmọ àbúrò mi dì mí mú, ó ní, “Àǹkù, ó ti tán!” Mo ní kó jókòó.

Florida padà wá díẹ̀díẹ̀. Clayton bẹ̀rẹ̀ sí í rí ọ̀nà, ó jẹ 11 kó tó parí. Nígbà tí kò tó ìṣẹ́jú kan mọ́, Alijah Martin ju ọ̀fẹ́ méjì wọlé, Florida sì fi 64 sí 63 ṣíwájú. Bọ́ọ̀lù bọ́ lọ́wọ́ Houston, Florida tún fi ẹyọ kan kún un. Houston ní bọ́ọ̀lù tó kẹ́yìn. Sharp gbà á lẹ́yìn ìlà ọ̀nà jíjìn, ó fò láti jù ú, Clayton sì ti dé iwájú rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ sísókè. Sharp kò lè jù ú mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò lè mú un bọ̀ wálẹ̀, nítorí òfin kò gbà á. Ó jẹ́ kó bọ́ sílẹ̀, ó sì dúró tì í, kò fọwọ́ kàn án, nítorí bí òun bá kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án, bọ́ọ̀lù di ti Florida. Ó ń retí kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan dé. Alex Condon ti Florida ló bẹ́ lé e, aago sì tán. 65 sí 63. Wọn kò ju bọ́ọ̀lù náà rárá.

Ẹgbẹ́ 1983 fi àmì méjì pàdánù, ti 2025 náà fi méjì. Ṣùgbọ́n n kò gbà pẹ̀lú àwọn tó ń sọ lójú ọ̀nà ìjáde pé nǹkan kan ń ṣe ilé ìwé yẹn. Àwọn ti 1983 fi ìwà wọn sílẹ̀ nígbà tí wọ́n dẹwọ́ eré. Àwọn ti Sampson kò fi tiwọn sílẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n fi ń borí gbogbo ayé ni Clayton ṣe fún wọn ní ìṣẹ́jú àáyá tó kẹ́yìn: ó sáré dé, ó dúró, ó nawọ́. Mo sọ èyí nínú ọkọ̀ lójú ọ̀nà Houston, inú sì bí ọmọ àbúrò mi. Ó ní ó yẹ kí Sharp jù ú bó ti wù kó rí, kí rẹfirí wá sọ bóyá wọ́n gbá a lọ́wọ́. Bàbá rẹ̀ ní rárá, ètò eré náà fúnra rẹ̀ ni kò dára, pé Uzan ló yẹ kó mú bọ́ọ̀lù wọ inú lọ nígbà tó jẹ́ pé àmì méjì péré ni wọ́n ń wá. Wọ́n jiyàn náà kọjá Luling, kọjá Columbus, títí a fi rí iná Katy. Lẹ́yìn ìyẹn, ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn tó ṣeé ṣe kó padà wá ní sáà tó ń bọ̀: Sharp, Uzan, Tugler.