Ọ̀pá ìwọ̀ tí ọwọ́ kò dì mú

Ẹ̀yin àbúrò mi tí a jọ ń jókòó sétí odò Ọ̀pá láàárọ̀ Sátidé, mo rí i pé ọ̀pá ìwọ̀ kúkúrú tí mo mú bọ̀ láti Kánádà ń yà yín lẹ́nu. Ọ̀kan nínú yín fọwọ́ tẹ orí rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní ó ti rọ̀ jù, pé àrọ̀ kan ṣoṣo á ṣẹ́ ẹ. Èmi náà sọ irú ọ̀rọ̀ yìí rí. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ń múra àtilọ kàwé níbi tí odò ti ń dì nígbà òtútù, bẹ́ ẹ bá sì débẹ̀, ọkàn yín á fà sí ẹja. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ sọ ohun tí mo kọ́.

Ní Manitoba, ìpínlẹ̀ kan ní Kánádà, bí òtútù bá mú dáadáa, ojú adágún á dì gbagidi. Kí yìnyín tó mọ́ gaara tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 10, ẹ má fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Wọ́n á gbẹ́ ihò sínú yìnyín, wọ́n á jókòó tì í. Kò sí pé à ń ju ìwọ̀ lọ sọ́nà jíjìn, torí náà ọ̀pá kì í gùn ju sẹ̀ǹtímítà 60 sí 90 lọ. Òfin ibẹ̀ gba ẹnì kan láyè láti lo ọ̀pá méjì lórí yìnyín. Ọ̀kan á wà lọ́wọ́, wọ́n á máa mì í kí ẹja lè wá. Èkejì á wà lórí ìdúró, ìdẹ rẹ̀ á dúró jẹ́ẹ́ nínú omi. Wọ́n ń pe èkejì yìí ní deadstick. Òun ni mo ń sọ.

Nígbà tí mo fẹ́ rà á, mo ní kí wọ́n fún mi ní ọ̀pá tó ń tètè fura jù lọ. Wọ́n gbé ọ̀pá kábọ̀n, ọ̀pá líle, fún mi. Wọn ò purọ́: bẹ́ ẹ bá di kábọ̀n mú, tí òjé tó ń fa okùn sísàlẹ̀ bá kan òkúta nísàlẹ̀ odò, ọwọ́ yín á gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n mi ò sọ fún wọn pé ọwọ́ kankan kò ní di èyí mú, pé ojú ni mo fẹ́ fi máa ṣọ́ ọ. Odindi Sátidé mẹ́ta ni mo fi jókòó ti ọ̀pá yẹn. Kò mì. Bí mo bá sì fa okùn sókè, ìwọ̀ á ti ṣófo.

Ní Sátidé kẹrin, mo wà nínú àgọ́ aláṣọ dúdú lórí adágún kékeré kan tí omi rẹ̀ mọ́. Inú àgọ́ ṣókùnkùn, ìmọ́lẹ̀ ìta sì ń gba inú yìnyín wọ omi, mo wá ń rí ìsàlẹ̀ láti ojú ihò bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n. Ìdẹ mi, ẹja wẹ́wẹ́ kan tó ti kú, rọ̀ síbẹ̀. Perch kan, ẹja abilà tí wọ́n fẹ́ràn gan-an lọ́hùn-ún, rọra sún mọ́ ọn. Ó wò ó títí. Ó la ẹnu, omi wọlé, ìdẹ bá omi wọlé. Kò sáré, kò fa nǹkan kan. Mo yára wo orí ọ̀pá: kò mira rárá. Kí n tó wolẹ̀ padà, ẹja ti tu ìdẹ dànù, ó ti yípadà. Ó dùn mí wọra. Gbogbo Sátidé mẹ́ta yẹn, ẹja ti ń jẹ, èmi ni mi ò mọ̀.

Bí omi ṣe tutù ni ara ẹja ṣe ń tutù. Omi a máa wúwo jù nígbà tí ìgbóná rẹ̀ bá jẹ́ 4 lórí òṣùwọ̀n Celsius, òun ló ń rì sísàlẹ̀ lábẹ́ yìnyín. Nínú irú omi bẹ́ẹ̀, oúnjẹ kì í tètè dà, ẹja kì í sì í fa ìwọ̀ bí ẹni ń jìjàkadì bíi ti àrọ̀ tiwa. Ó ń fa ìdẹ mu ni, bó bá sì mọ̀ pé nǹkan le lẹ́yìn rẹ̀, á tu ú.

Ọ̀pá fáíbà (fibreglass) tí orí rẹ̀ rọ̀ ni kẹ́ ẹ rà fún iṣẹ́ yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló máa ń wọ́n kéré jù. Ẹ mú òjé àti ìwọ̀ tẹ́ ẹ máa lò gan-an lọ síbi tí wọ́n ti ń tà á, ẹ so wọ́n mọ́ ọn, ẹ jẹ́ kí wọ́n rọ̀. Ó yẹ kí orí ọ̀pá tẹ̀ díẹ̀, bí ọmọ tó ń tẹrí ba láì tíì dọ̀bálẹ̀. Bí kò bá tẹ̀ rárá, ó le jù. Bó bá tẹ̀ délẹ̀, kò ní ku ohun tó máa fi sọ fún yín nígbà tí ẹja bá dé. Èyí tó pẹ́ kí n tó mọ̀ ni pé ẹja míì kì í fa ìdẹ sísàlẹ̀, ńṣe ló máa ń gbé e sókè. Orí ọ̀pá tó ti tẹ̀ díẹ̀ á wá nà ró ṣanṣan. Ẹja ti jẹ nìyẹn. Ọ̀pá líle kò lè sọ èyí fún yín láéláé.

Ìdí ọ̀pá náà ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ le. Òfin Manitoba kò gba ìwọ̀ tó ní ẹ̀gún lẹ́nu, torí náà bí okùn bá dẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ẹja ti lọ. Kí àwọn òrùka tí okùn ń gbà kọjá fẹ̀, pàápàá ti orí, nítorí omi tó bá dì síbẹ̀ á sọ ọ̀pá rírọ̀ di ọ̀pá wúwo. Ẹ lo okùn ọ̀rá. Okùn híhun máa ń mu omi, á sì dì.

Ní odò Ọ̀pá níbí, yìnyín kò sí, ṣùgbọ́n epìà tó ń ré ekòló jẹ díẹ̀díẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí perch yẹn. Ibi tí bèbè ti ga, tí omi sì jìn lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ni mo ti ń lo ọ̀pá mi. Ní Sátidé tó ń bọ̀, ẹni tó ní ó ti rọ̀ jù yẹn ni màá gbé e fún. Kó fi ekòló sí i, kó gbé e lé orí igi ẹlẹ́ka méjì, kó má sì fọwọ́ kàn án títí orí rẹ̀ á fi tẹ̀, tàbí tí á fi nà.