Láti Àjàṣẹ́ lọ sí Kétu pẹ̀lú jíìpù tí kò yé gbọ̀n

Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, lẹ́yìn tí a ti kọjá Ìṣàkẹ́tẹ́ tí ọ̀nà sì là gbọọrọ níwájú wa, mo tẹ jíìpù wa dé 80 kìlómítà ní wákàtí kan, gbígbọ̀n tí mo ti ń bá fà á láti oṣù méjì sì tún bẹ̀rẹ̀. Síteárìn dúró jẹ́ẹ́ lọ́wọ́ mi, ọkọ̀ kò fà sí ẹ̀gbẹ́ kankan, ṣùgbọ́n gbogbo ara rẹ̀ ń kùn bí ìgbà tí ènìyàn bá fi ọwọ́ lé ẹ̀rọ ìlọta tí ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Nínú dígí tí mo fi ń wo ẹ̀yìn, ọkọ̀ akẹ́rù tí ń bọ̀ lẹ́yìn wa ti di méjì. Bí mo bá dín eré kù sí 65, gbogbo rẹ̀ á rọlẹ̀. Bí mo bá tún ti ń súnmọ́ 75, á tún dé.

Ìsọmọlórúkọ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ẹni tí ó lọ́kọ sí Kétu, ni à ń lọ. Ìyá mi jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú ẹrù rẹ̀, àbúrò mi ọkùnrin sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níwájú. Láti Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo ní orílẹ̀-èdè Benin, kí a gba Ìṣàkẹ́tẹ́ àti Pobè kí a tó dé Kétu, ọ̀nà náà ju 100 kìlómítà lọ, kò sì yẹ kí ìyá tí ó ti lé ní 70 ọdún fi gbogbo ìrìn náà jókòó lé orí irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ṣe iṣẹ́ méjì lára ọkọ̀ náà ní ọjọ́ kan ṣoṣo: mo ra táyà tuntun mẹ́rin, mo sì ní kí gàráàjì kan ní Àjàṣẹ́ pààrọ̀ kúrọ́ọ̀sì méjèèjì tí ó wà lára kàdáǹ ẹ̀yìn. Kàdáǹ ni ọ̀pá irin gígùn tí ń gbé agbára láti ìdí jíà lọ sí dífárẹ́ńṣà, ẹ̀rọ tí ń pín in fún táyà. Kúrọ́ọ̀sì sì ni irin tí ó rí bí àgbélébùú, tí wọ́n fi sí orí àti ìdí ọ̀pá náà kí ó lè máa tẹ̀ bí orúnkún nígbà tí ọkọ̀ bá ń fò sókè sódò lórí kòtò. Nígbà tí gbígbọ̀n dé, táyà ni mo dì mú, nítorí pé táyà ni ojú mi ń rí. Mo san owó báláńsì lọ́dọ̀ fọganáísà lẹ́ẹ̀mejì, mo gbé táyà iwájú sẹ́yìn, mo gbé ti ẹ̀yìn síwájú, mo tún san owó aláìnmẹ́ǹtì lé e. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó tu irun kan lára rẹ̀. Iṣẹ́ méjì tí mo ṣe lọ́jọ́ kan náà ni ó da ọ̀rọ̀ náà rú mọ́ mi lójú. Bí ó bá jẹ́ pé mo ti fi ọ̀sẹ̀ kan sáàárín wọn ni, ǹ bá ti mọ èyí tí ó gbé àìsàn náà wọlé.

Ìyá mi ni ó kọ́kọ́ la ọ̀rọ̀ náà. Mo bi í pé, "Màmá, ṣé ẹsẹ̀ kò máa ro yín?" Ó ní, "Ọmọ mi, ẹsẹ̀ mi kò ṣe nǹkan kan. Abẹ́ ìdí mi níbí ni ó ti ń wá. Kí ni ó wà lábẹ́ àga yìí?" Nínú gbogbo àwọn tí mo ti gbé ọkọ̀ náà lọ bá, kò sí ẹni tí ó bi mí ní ìbéèrè yẹn, èmi náà kò sì bi ara mi, nítorí pé láti ọjọ́ tí mo ti ní ọkọ̀ náà, n kò jókòó sẹ́yìn rẹ̀ rí.

Ní Pobè, a yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Mo kọ́kọ́ yẹ inú rímù wò, nítorí pé ẹrẹ̀ pupa àgbègbè yìí, bí ó bá gbẹ mọ́ inú rímù kan, lè mú kí táyà náà wúwo sí apá kan kí ó sì máa gbọn ọkọ̀ bí ẹni pé rímù ti wọ́. Ẹrẹ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́, ní rímù ẹ̀yìn lọ́wọ́ òsì, ó le bí bíríkì; mo fi igi wa gbogbo rẹ̀ kúrò. Lẹ́yìn náà mo gbé síteárìn fún àbúrò mi, ìyá mi bọ́ síwájú, èmi sì lọ jókòó sí àyè rẹ̀ lẹ́yìn. Nígbà tí ọkọ̀ tún dé 80, mo bọ́ bàtà mi, mo gbé àtẹ́lẹsẹ̀ lé ilẹ̀ ọkọ̀. Ní ibi tí ẹsẹ̀ mi ti ń súnmọ́ àárín, níbi tí irin ilẹ̀ ga sókè díẹ̀ nítorí kàdáǹ tí ó kọjá lábẹ́ rẹ̀, ó ń ta mí bí iná. Ní ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, kò fi bẹ́ẹ̀ sí nǹkan kan.

Mo wá ní kí àbúrò mi tẹ kílọ́ọ̀ṣì, kí ó yọ jíà, kí ó jẹ́ kí ọkọ̀ máa yí lọ fúnra rẹ̀. Ìró ẹ́ńjìnì lọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n gbígbọ̀n kò lọ. Ó fi sí jíà kẹrin dípò ìkarùn-ún ní eré 80 kan náà. Ẹ́ńjìnì ń yára yí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, síbẹ̀ gbígbọ̀n kò le sí i, kò sì dín. Nígbà tí a tún dúró, a tẹ ẹ́ńjìnì lórí ìdúró, ó dákẹ́ rọ́rọ́. Eré ọkọ̀ nìkan ni àrùn náà ń tẹ̀ lé, kò bá ẹ́ńjìnì rìn rárá. Àwọn tí wọ́n ti sọ fún mi pé epo kpayo, ìyẹn epo fàyàwọ́, ni ó ń dà á láàmú kò tọ̀nà.

Ní ìyókù ọ̀nà, mo ṣe ìṣirò kan tí ó fi ọkàn mi balẹ̀. Táyà wa, bí ó bá yí lẹ́ẹ̀kan, á gbé ọkọ̀ lọ nǹkan bíi mítà 2 àbọ̀. Ní eré 80, ìyẹn jẹ́ nǹkan bí ìgbà 9 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kàdáǹ ọkọ̀ yìí sì máa ń yí díẹ̀ ju ìgbà 4 lọ fún ìyípo táyà kan, nítorí náà ó ń yí nǹkan bí ìgbà 37 ní ìṣẹ́jú àáyá kan náà. Ohun tí ó bá ń gbọ̀n ní ìgbà 9, ọwọ́ lè mọ̀ ọ́n lára, ó sì sábà máa ń mi síteárìn. Èyí tí ó bá yára tó kàdáǹ, kíkùn ni ènìyàn máa ń gbọ́ ọ sí. Kíkùn sì ni tiwa.

A sọ ọmọ lórúkọ, a jẹ, a mu. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, kí oòrùn tó mú, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi mú mi lọ sọ́dọ̀ bàbá mẹkáníìkì kan tí àgọ́ rẹ̀ kò jìnnà sí Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ tí ó ṣì wà lẹ́yìn gbogbo ohun tí ogun Dàhòmì ṣe sí Kétu ní 1886. Bàbá náà jẹ́ kí n sọ gbogbo ọ̀rọ̀ mi tán kí ó tó fèsì. Ó ní, "Ó jọ kàdáǹ, ọmọ mi, ṣùgbọ́n a kì í fi ẹnu rà kúrọ́ọ̀sì. Jẹ́ kí a yọ ọ́, kí a fi ẹsẹ̀ iwájú nìkan wa ọkọ̀ náà wò."

Àǹfààní ọkọ̀ tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè fà á nìyẹn. Kí ọmọṣẹ́ tó tú bóótù kan, bàbá náà ní kí ó fi òkúta dí táyà níwájú àti lẹ́yìn, nítorí pé bí kàdáǹ ẹ̀yìn bá ti kúrò, jíà nìkan kò lè dá ọkọ̀ dúró mọ́ àyàfi bí a bá so táyà iwájú mọ́ ẹ́ńjìnì. Wọ́n yọ ọ̀pá náà, wọ́n tẹ́ ẹ sórí àpò. A ti họ́ọ̀bù táyà iwájú méjèèjì pa kí ẹ́ńjìnì lè máa yí wọn, a fa ọwọ́ jíà kékeré sí 4H, ipò tí ẹ́ńjìnì fi ń gbé agbára lọ síwájú àti sẹ́yìn, a sì jáde sójú ọ̀dà. Ní 80, ó dákẹ́. Ní 90, ó dákẹ́. Mo rí ojú àwọn tí ó wà lórí alùpùpù lẹ́yìn wa nínú dígí, ó já gaara.

Nígbà tí a padà dé, bàbá náà kúnlẹ̀ ti ọ̀pá náà, ó mú àkísà tí ó ti rẹ sínú epo, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún láàárín, níbi tí ọ̀pá náà ti jẹ́ méjì tí ọ̀kan ń wọ inú èkejì lórí eyín irin. Ẹrẹ̀ àti gíríìsì àtijọ́ ń já bọ́ ní ìpele ìpele. Lábẹ́ wọn ni àmì ọfà kékeré méjì wà, ọ̀kan lára apá kọ̀ọ̀kan. Ó yẹ kí wọ́n kọjú síra wọn. Ọ̀kan dojú kọ òkè, èkejì dojú kọ ẹ̀gbẹ́. Àwọn tí ó pààrọ̀ kúrọ́ọ̀sì ti fa ọ̀pá náà já, wọ́n sì ti dá a padà ní ọ̀nà tí ó fi ìdámẹ́rin ìyípo yà kúrò ní ibi tí ó yẹ.

Bàbá náà fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣàlàyé fún mi. Nígbà tí ọ̀pá bá tẹ̀, kúrọ́ọ̀sì kì í gbé ìyípo kọjá lọ́gbọọgba. Nínú ìyípo kan, á sáré lẹ́ẹ̀mejì, á falẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹnu méjèèjì tí ó di kúrọ́ọ̀sì mú ní orí àti ìdí ọ̀pá náà bá wà lójú kan náà, ohun tí ti òkè bá sáré ni ti ìsàlẹ̀ yóò falẹ̀ dá padà, ọkọ̀ kò sì ní mọ̀ rárá. Bí wọ́n bá kọ ara wọn bí ti èmi, ṣe ni ọ̀kan yóò máa fi kún ti èkejì. Kúrọ́ọ̀sì tuntun, táyà tuntun, báláńsì ní ẹ̀ẹ̀mewàá, kò sí èyí tí ó lè tún un ṣe.

Wọ́n fà á já, wọ́n yí i, ọfà kọjú sí ọfà, wọ́n fi gíríìsì sí i, wọ́n sì fún bóótù mẹ́rin ìdí kọ̀ọ̀kan. Inú mi kò dùn sí gàráàjì tí ó kọ́kọ́ ṣe é, kì í ṣe nítorí pé wọn kò rí ọfà tí ẹrẹ̀ bò, bí kò ṣe nítorí pé wọ́n yí ọkọ̀ ká inú ọgbà lásán tí wọ́n sì gba owó. Ohun tí ó ń bẹ̀rẹ̀ ní 75 kò lè farahàn ní 15.

Ìyá mi sùn láti Pobè títí a fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Àjàṣẹ́. Bàbá náà ti fi ìka yí kúrọ́ọ̀sì ẹ̀yìn wò, ó sì rí i pé ó ti ń há díẹ̀ níbì kan nítorí ohun tí ojú rẹ̀ ti rí fún oṣù méjì, nítorí náà mo ra òmíràn. Kí n tó gbé ọkọ̀ náà fún ẹnikẹ́ni, mo wọ abẹ́ rẹ̀ fúnra mi, mo nu ọ̀pá náà mọ́, mo sì fi ọ̀dà funfun fa ìlà kan tí ó kọjá lórí apá méjèèjì.