Ẹ pààrọ̀ password router yín, update nìkan kò tó

Iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni mò ń ṣe n'Íbàdàn, fún òtẹ́ẹ̀lì, ilé ìwé àti àwọn tó ń ta Wi-Fi fún akẹ́kọ̀ọ́. Router MikroTik, ẹ̀rọ tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì, ló pọ̀ jù lọ́wọ́ wọn: owó rẹ̀ kò ga, ohun tó sì lè ṣe pọ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ CVE-2018-14847, àlébù ààbò kan tó wà nínú rẹ̀, ṣì fi ń ká mi lára.

Winbox, ètò orí kọ̀ǹpútà kan, la fi ń darí router náà, port 8291, bí ẹnu ọ̀nà kan lára router, ló sì ń gbà wọlé. Lórí router tí wọn ò tíì ṣe àtúnṣe sí, ẹni tó bá mọ ọgbọ́n àlébù náà kò nílò password kankan níbẹ̀. Yóò kàn béèrè fáìlì, router á sì gbé e fún un, títí kan èyí tí orúkọ àti password àwọn alákòóso wà nínú rẹ̀. Password ọ̀hún ṣeé tú. Tó bá ti tú u, orúkọ yín ni yóò fi wọlé.

Oṣù kẹrin 2018 ni MikroTik, tó wà ní Latvia, gbé àtúnṣe jáde. Síbẹ̀, kó tó di ìparí oṣù kẹjọ, ọ̀pọ̀ router ní Brazil ti ń ti script Coinhive, ètò kékeré tó ń wa owó crypto, bọ inú ojú ewé tí àwọn èèyàn ń ṣí, kọ̀ǹpútà wọn wá ń wa owó crypto fún ẹni tí wọn ò mọ̀. Nígbà tí Mēris, ogunlọ́gọ̀ ẹ̀rọ tí olè kó jọ láti fi kọlu ìkànnì, dé ní 2021, MikroTik ní àwọn router tí wọ́n ti já wọ̀ ní 2018 náà ni.

Kí ló fà á? Ọ̀pọ̀ ṣe update, wọn ò pààrọ̀ password. Wọ́n dí ògiri tó lanu, aláǹgbá sì ti wà nínú ilé.

Ẹ̀yin oníbàárà mi, “Ẹ̀gbọ́n, ó ṣáà ń ṣiṣẹ́” kò tó. Router tí wọ́n ti gbà lọ́wọ́ yín á ṣì máa ṣiṣẹ́. Ẹ wo Scheduler, ibi tí router ń to iṣẹ́ tó ń dá ṣe sí, bóyá iṣẹ́ tí ẹ ò fi síbẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ wo SOCKS, ọ̀nà tí ẹlòmíì lè gba inú router yín lọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, bóyá ẹnìkan ti ṣí i. Nínú IP Services, ẹ kọ àdírẹ́sì tiyín nìkan síwájú Winbox, kí port 8291 má ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Bí ẹ bá rí ohun àjèjì, Netinstall, ètò MikroTik tó ń tún gbogbo inú router kọ, ni kí ẹ fi tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ má sì dá backup àtijọ́ padà sórí rẹ̀, torí script olè lè bá a wọlé.